Ìtàn Ìlera Tó Wà Lọ́wọ́ Àwọn Ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé

Sí Olóòtú,

Mo rọ àwọn tó ń kọ ìtàn ìlera wa pé kí wọ́n yà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Dókítà David Morley ti ń wọn ìwúwo àwọn ọmọdé kí ọdún 1960 tó dé, tó sì ń fàmì sí i lórí káàdì, kí wọ́n lè tètè rí ọmọ tí kò dàgbà bó ṣe yẹ. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká àgbáyé. Àwọn ìyá fúnra wọn ló ń tọ́jú rẹ̀ sílé, nítorí náà, àpótí ìdílé ṣe pàtàkì bíi fáìlì ọsíbítù. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn ìyá wa ti dàgbà. Ẹ tètè gba ohùn wọn sílẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Iléṣà