Ìbéèrè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Jimi Hendrix

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn á tún ìtàn ikú Jimi Hendrix, onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde: Lọ́ńdọ̀nù, 1970, ọmọ ọdún 27. Tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, ó di gìtá tó dáná sun ní Monterey lọ́dún 1967. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó ń ta gìtá ní Abẹ́òkúta níbí, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde àríyá, fẹ́ fi ọ̀rọ̀ iná ṣe? Ohun tí a ìbá bi Hendrix kò ju ọ̀rọ̀ okùn, èèkàn tí a fi ń yí okùn, àti bátìrì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ lójú ewé yín.

Ṣé nítorí ọ̀fun ló ṣe rẹ ohùn gìtá sílẹ̀ ni, àbí nítorí ìka? Nínú àwo, ohùn E gan-an ni “Purple Haze” wà. Nígbà tó fi dé àjọ̀dún orin Woodstock ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ohùn, E ti di E♭. Okùn tó nípọn jù, tó ń gbọ̀n nígbà 82.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wá di 77.8. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ ìfà ara okùn ń fi bí ìdá 11 nínú 100 dínkù. Okùn tó bá dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìka lè tì títí yóò fi sunkún. Roger Mayer, tó ń ṣe ẹ̀rọ fún un, sọ pé okùn tó tín jù jẹ́ 10 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì ni wọ́n fi ń wọn ìnípọn okùn), èyí tó nípọn jù jẹ́ 38, ẹ̀kẹta sì jẹ́ 15, tó tín ju 17 tó wọ́pọ̀ nínú páálí òde òní.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó má kàn yí èèkàn sílẹ̀. Bí okùn 9 ló wà lórí gìtá, yóò máa gbọ̀n lu irin ọrùn, á máa dún ṣìṣìṣì. Kó gbé 10 tàbí 11 sí i. Lára Stratocaster, irú gìtá tí Hendrix máa ń ta, tó ní ọ̀pá ìmì tí a fi ń mi ohùn, bí wọ́n bá dẹ okùn láìpààrọ̀ rẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn yóò borí okùn, bíríìjì (irin tó gbé ìdí okùn) á sùn mọ́ igi. Kó ṣí ike ẹ̀yìn, kó tú sikúrù méjì tó di sípíríǹgì mú, díẹ̀díẹ̀, títí ìdí bíríìjì yóò fi gbéra ní nǹkan bíi mìlímítà 3. Yóò tún okùn yí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí bí ọ̀kan ṣe ń le ni àwọn yòókù ń dẹ̀. Oníkíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Kó tẹ transpose sí -1, ìjà parí.

Nílé Yorùbá, ẹni tó bá fi òsì na nǹkan sí àgbà yóò gbọ́ ìbáwí. Hendrix fi òsì ta gìtá tí wọ́n ṣe fún ọ̀tún. Ó gbé e sódì, ó sì tún okùn tò kí èyí tó nípọn lè wà lókè. Àwọn kan ń sọ pé orí gìtá tó wà sódì ló jẹ́ kí okùn rẹ̀ dẹ̀. Irọ́ ni. Láti bíríìjì dé eyín orí gìtá (ege oníhò tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn) jẹ́ ínṣì 25½, sísọ sódì kò sì yí ìyẹn padà, nítorí náà ìfà tí ohùn kan ń béèrè kò yí padà. Ohun tó yí padà ni okùn tó ṣẹ́kù láàárín eyín àti èèkàn: ti okùn nípọn gùn jù, ti okùn tín-ín-rín kúrú jù. Ìka á mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń ti okùn. Èyí tí etí ń gbọ́ ni ti píkọ́ọ̀pù ẹ̀yìn (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn okùn) tó dàgẹ̀rẹ̀. Lára gìtá tí kò yí, abẹ́ okùn tín-ín-rín ló ti sún mọ́ bíríìjì. Lára tirẹ̀, abẹ́ okùn nípọn ni. Ohùn ìsàlẹ̀ a mú ṣáṣá, ohùn òkè a rọ̀. Nígbà tí owó dé, kí ló dé tó ṣì ń ta Stratocaster ọlọ́wọ́ ọ̀tún? Ṣé etí rẹ̀ ti gbọ́ nǹkan yìí ni?

Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì tó bá fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀, kó kọ́kọ́ gbẹ́ eyín tuntun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, okùn tín-ín-rín á bọ́ sínú ihò gbàgàdà, á máa jà níbẹ̀; okùn nípọn á há sókè.

Ibi tó dùn wá jù ni Fuzz Face, pẹ́dàlì tó ń mú ohùn gìtá há, àpótí irin róbótó tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1966. Inú rẹ̀ kò ní nǹkan púpọ̀: transistor méjì, résísítọ̀ mẹ́rin, kapásítọ̀ mẹ́ta, bọ́tìnnì méjì, bátìrì 9V kan. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè tò ó láàárín ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n germanium ni wọ́n fi ṣe transistor inú èyí tó kọ́kọ́ jáde, germanium kò sì fẹ́ràn ooru. Iná tó ń jò nínú rẹ̀ ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì bí ooru bá ti fi ìwọ̀n 10 lé sí i. Èyí tí wọ́n tò nínú yàrá tó wà ní 20, tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀sán oṣù kẹta ní Abẹ́òkúta tí ooru wà ní 35, jíjò yẹn á sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já bíi ti ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Àwọn kan á ní ampilifáyà ló bàjẹ́. Wọ́n á tú u, wọ́n á sì bà á jẹ́ lóòótọ́.

Kí wọ́n fi mítà wo ẹsẹ̀ collector ti transistor kejì. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 4.5V, ìdajì bátìrì. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, kí wọ́n yọ résísítọ̀ 8.2k, kí wọ́n fi èyí tó ṣeé yí, 20k, sípò rẹ̀, kí wọ́n sì yí i nígbà tí oòrùn bá mú, torí èyí tí wọ́n bá yí láàárọ̀ kò ní dé ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ń jó lẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fi ẹ̀mú di ẹsẹ̀ transistor mú kí ooru má baà gòkè. Ọ̀pọ̀ onígermanium tún wà tí pọ́sítíìfù bátìrì wọn kan irin àpótí. Ẹni tó bá so ó mọ́ àwọn pẹ́dàlì yòókù lórí adapter kan ṣoṣo, wáyà ti kan ara wọn nìyẹn. Bátìrì tirẹ̀ ni kó lò.

Transistor tí wọ́n fi silicon ṣe kò bìkítà fún ooru tó bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì ti bọ́ sórí rẹ̀ kí ọdún 1970 tó dé. Àmọ́ ó máa ń gbọ́ rédíò. Gìtá ò tíì dún, ìròyìn ti ń gba inú ampilifáyà jáde. Kapásítọ̀ 100pF láàárín base àti collector transistor àkọ́kọ́ á pa á lẹ́nu mọ́. Hendrix lo oríṣi méjèèjì. Báwo ló ṣe ń mọ èyí tí yóò gbé lálẹ́ tó bá gbóná? Ó tún ń fi wah-wah, pẹ́dàlì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ohùn gìtá lè máa ṣí máa pa dé, ṣáájú Fuzz Face, bẹ́ẹ̀ Fuzz Face a máa fa wah-wah gbẹ: ohùn tó yẹ kó ṣí gbàgà á kàn máa ráhùn, nígbà mìíràn á súfèé fúnra rẹ̀. Báwo ló ṣe ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ?

Orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó ta ní Woodstock, a ò ní bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Wọ́n ti bi í lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun rí i pé ó rẹwà. Ọ̀pá ìmì ni tiwa. Bí onídùndún ṣe ń fún ọsán mọ́ra ló ṣe ń lò ó, ohùn ń lọ sókè sódò láìjá. Tí wọ́n bá ti tẹ ọ̀pá yẹn dé ìsàlẹ̀, okùn kì í padà sílé bọ̀rọ̀. Inú ihò eyín ló ti ń há, ẹ̀tù pẹ́ńsùlù ni oníṣẹ́ fi ń kùn ún. Sípíríǹgì mẹ́ta ni tirẹ̀ àbí márùn-ún? Kí ló fi ń kun ihò? Nínú fídíò, ó ń yí èèkàn láàárín orin láìdúró.

Olóòtú, òun ti lọ. Àwọn àgbà tó ta gìtá jùjú àti háíláìfù ṣì wà láàárín wa, ṣùgbọ́n tí akọ̀ròyìn bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyàwó mélòó àti ọkọ̀ mélòó ló ń béèrè. Nígbà tí Demola Adepoju gbé gìtá onírin (pedal steel) wọnú àwo Juju Music ti King Sunny Adé lọ́dún 1982, ohùn wo ni wọ́n yí okùn rẹ̀ sí? Gìtá tẹ́nọ̀ ńkọ́, okùn wo ni wọ́n ń yọ, ampilifáyà wo ni wọ́n so ó mọ́? Ẹ rán akọ̀ròyìn tó mọ èèkàn yàtọ̀ sí bọ́tìnnì. Kó mú rúlà dání, kó ka nọ́ńbà ara páálí okùn, kó sì kọ ọ́ bó ṣe wà.

Àwa onígìtá díẹ̀,
Aké, Abẹ́òkúta.