Lẹ́tà sí Àjọkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà

Àjọkẹ́ mi,

Mo rí àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, mo sì ka ọ̀rọ̀ tí o kọ sí abẹ́ wọn, pé òfin iṣẹ́ a máa pa ẹ̀bùn, àti pé ojú inú rẹ nìkan ni o fẹ́ máa tẹ̀ lé. Ojú inú rẹ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tún fọ́tò màmá àgbà wò, èyí tí wọ́n ti wọ léèsì funfun: léèsì ti di aláwọ̀ eérú, ojú màmá sì ṣókùnkùn débi pé a kò rí ilà ojú wọn mọ́. O ní bí o ṣe fẹ́ kí ó rí nìyẹn. Bí mo bá ní kí o ya òmíràn tí ojú wọn yóò ti hàn kedere, ṣé o lè yà á?

Kámẹ́rà kò mọ̀ pé léèsì ni òun ń wò. Ohun gbogbo tó bá wà níwájú rẹ̀ ni ó máa ń fẹ́ sọ di aláwọ̀ eérú, nítorí náà, bí funfun bá ti gba ojú fọ́tò, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, awọ dúdú wa ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí yóò wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú ẹni tó ń yà, yóò sì yí onítọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ojú lè rí ìmọ́lẹ̀ ju aṣọ lọ, torí pé bí a bá kàn ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un ṣáá, gbogbo iṣẹ́ ọnà ara léèsì ni yóò parẹ́. Nígbà tí o bá mọ èyí tán, tí o sì tún yan òkùnkùn, èmi yóò gbà pé àrà ni o dá.

Ìwọ náà fẹ́ràn àwọn fọ́tò irun orí tí J.D. 'Okhai Ojeikere yà. Kámẹ́rà Brownie kékeré ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ní 1954 ó wọ yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti ń bá wọn fọ fọ́tò; ní 1961 ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV. Ó di 1968 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Irun dúdú, nínú fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun, síbẹ̀ dúdú kan kò bo dúdú kejì mọ́lẹ̀: o lè fi ojú tọ òwú tí wọ́n fi kó irun láti ìdí dé ṣóńṣó. Iṣẹ́ yàrá òkùnkùn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lamidi Fákẹ́yẹ ńkọ́? Inú ìran agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí ní Ìlá Ọ̀ràngún, síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Nínú iṣẹ́ wọn, ọnà lílé, ìyẹn gígé igi sí ìrísí ère, ló ṣáájú; alétúnlé, tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀yà ara ère síta, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dídán, kí ojú igi lè jọ̀lọ̀. Fínfín, ìyẹn ọnà wẹ́wẹ́ ara ère tí òǹwòran máa ń yìn, ló kẹ́yìn. (Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbá àti omi pípọn nìkan ni wọ́n ń fi ọmọ iṣẹ́ ṣe. Bí o bá bọ́ sọ́wọ́ irú wọn, tètè wábi gbà.)

Fún ìgbà díẹ̀, má lo ọ́tò, níbi tí kámẹ́rà ti ń fúnra rẹ̀ yan gbogbo nǹkan, mọ́. Jẹ́ kí àbúrò rẹ máa jó níwájú rẹ, yà á nígbà tí ojú kámẹ́rà bá ṣí fún 1/30 ìṣẹ́jú àáyá, fún 1/125 àti fún 1/500, kí o wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń dà bí èéfín àti ibi tí ó ti dúró gbọin. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí o sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe jáde nínú kámẹ́rà, láìfi fílítà kankan kàn wọ́n. Ìgbéyàwó tí wọ́n ní kí o wá yà ní oṣù Kejìlá, má dá a gbà. Bá ọ̀gá kan lọ, kí o máa gbé iná fún un, kí o sì ya tìrẹ nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀.

Èmi ni, àǹtí rẹ.