Àjàní, Níbo Lo Kó Bátìrì Wọ̀nyẹn Sí?

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Àìkú.

Àjàní, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Ajé, mo tún pè ọ́ lọ́jọ́bọ̀, fóònù rẹ ń dún, o ò gbé e. Ìyá rẹ ní kí n má pè ọ́ mọ́, pé ìwọ fúnra rẹ á pè. Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó tún yọjú láti ilé ìdáná, ó ní ṣé o ti gbé e.

Ọmọ ìyá elépo tó ń gbé ní Yábà wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun ló sọ pé o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń kọ kóòdù fún àwọn báńkì, pé rọ́bọ́ọ̀tì lo ń ṣe tọ̀sán-tòru. Ó dun ìyá rẹ pé ẹnu ará ìta la ti gbọ́ ọ. Ó dun èmi náà. Àmọ́ ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn ni ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ náà fi kún un: ó ní bátìrì láptọ́ọ̀pù àlòkù tí o rà ní Computer Village kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, pé àwọn mìíràn wà lẹ́nu iná, wọ́n ń ṣáàjì nígbà tí o bá sùn.

Àjàní, ṣé òótọ́ ni?

Ti iṣẹ́ tí o fi sílẹ̀, a máa sọ ọ́. N kò ní pè ọ́ ní òmùgọ̀. Nígbà Iléyá, tí gbogbo ilé lọ wo Ojúde Ọba, ìwọ àti èmi la jókòó sílé pẹ̀lú rọ́bọ́ọ̀tì yẹn. O fi ojú rẹ̀ hàn mí, ike róbótó méjì: ọ̀kan ń pariwo tí etí èèyàn kò lè gbọ́, èkejì ń retí ìró tó máa ta padà, wọ́n á wá ṣírò àkókò tó gbà láti mọ bí ògiri ṣe jìnnà tó. O ní nínú àwọn èdè tí ẹ fi ń kọ kóòdù, Python lo fi ń ronú, ṣùgbọ́n C lo fi ń pàṣẹ fún mọ́tò lórí Arduino, pátákó kékeré tó ń darí rọ́bọ́ọ̀tì náà, nítorí Python a máa dúró díẹ̀ kó pàǹtí inú mẹ́mórì kúrò, mọ́tò kò sì lè dúró dè é. O ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ni Dennis Ritchie ti ṣe C. Mo pariwo! Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe transistor ní 1947, ẹ̀yà kékeré tí mo ń pààrọ̀ nínú rédíò àwọn ará ìlú yìí láti fi tọ́ yín. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe jẹ́ kí o mọ̀ lọ.

Owó ilé ìwé àbúrò rẹ kò tíì dé. A ti yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìjì wó igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n bátìrì. Ìwọ lo kàwé, èmi ni mo ti pẹ́ nídìí iná. Ẹyọ bátìrì lithium kan, irú èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, ní 4.2 volt ló ń kún. Bí o bá to àwọn àlòkù tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba tẹ̀ léra, èyí tó ti rẹ̀ á kọ́kọ́ kún. Ṣájà kò ní mọ̀. Àpapọ̀ gbogbo wọn ló ń wò, á máa ti iná sí i lọ, èyí tó ti kún á gbóná, á wú, ìwọ á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì lókè rẹ̀.

O sọ fún mi pé ẹni tó mọ kóòdù kọ kì í ṣe ẹni tó mọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́ nìkan, pé kó ti kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ sílẹ̀. O kọ ọ́ pé bí ojú rọ́bọ́ọ̀tì kò bá dáhùn, kí mọ́tò dúró. Ó dára. Kí lo wá kọ sílẹ̀ fún bátìrì? Olórí kunkun! Rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ fara gbá ògiri, ìwọ lo lè jóná?

Ṣé o rántí ọmọọṣẹ́ mi tó máa ń gbé ọ síwájú kẹ̀kẹ́? A sọ fún gbogbo yín pé omi gbígbóná ló bó o lọ́wọ́. Irọ́ ni. Bátìrì fóònù oníbàárà kan wú títí ó fi ti ẹ̀yìn fóònù ṣí. Ọkùnrin náà ń kánjú. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀." Èmi ni mo ní kó fi skúrúdráífà hú u jáde. Irin gún un, ó dún "ṣìì", èéfín funfun bò wá, kí n tó rí ojú ọ̀nà, iná ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka rẹ̀ kò ká mọ́ títí dòní. Kò lè di áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó wáyà pọ̀ mú, ló ṣe lọ ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Ajé. Bí mo bá kọjá, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà báyìí.

N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ rí. Má sọ ọ́ fún un.

Yọ gbogbo wọn kúrò lẹ́nu iná lálẹ́. Èyí tó bá ti wú, má gún un, má jù ú sórí ààtàn. Bò ó sínú iyanrìn níta, títí o fi máa rí àwọn tó ń gba irú rẹ̀. Ra pátákó kékeré tó ń ṣọ́ wọn kí wọ́n kún dọ́gba. Bí owó ni kò jẹ́ kí o rà á, sọ, màá fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ìwọ ló yẹ kó máa fi ránṣẹ́ sí wa. Sọ, ọmọ mi.

Ti iṣẹ́ tí o fi sílẹ̀, ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Bí o kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ya fọ́tò ibi tí bátìrì wọ̀nyẹn wà lónìí kí o fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Fi ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ wà hàn mí pẹ̀lú.

Èmi ni bàbá rẹ.