Ajá kì í ṣàdédé gé ọmọ jẹ

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nígbàkígbà tí ajá bá gé ọmọ jẹ ládùúgbò wa ní Ṣúrùlérè, ọ̀rọ̀ kan náà ni alájá máa ń sọ: "Bíńgò kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀ o, ó kàn ṣàdédé ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo rí ọ̀kan ní ojúlé kan lọ́nà Ojúẹlẹ́gba. Wọ́n so ajá mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì, ṣéènì rẹ̀ kò gùn ju apá lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké létí rẹ̀. Ọmọ kékeré kan lọ dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ajá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ahọ́n lá imú, ó yán lọ́sàn-án gangan, kì í sì í ṣe oorun ló ń ṣe é, ẹ̀rù ló ń bà á. Funfun ojú rẹ̀ yọ síta bó ṣe ń wo ọmọ náà. Àwọn àgbà tó jókòó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀!" Ìgbà tí ara ajá gan, tó wá ń kùn, ni alájá fi sálúbàtà gbá a lórí.

Sálúbàtà yẹn ló bí mi nínú jù. Ajá tó ń kùn ṣì ń bẹ̀ wá ni. Bí ẹ bá lù ú títí tí kò fi kùn mọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà á, eyín nìkan ló kù tó lè lò. Ọmọ ló yẹ kí ẹ gbé kúrò. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwa ọdẹ gan-an ni etí wa di níbí.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ lọ bá ajá tó ń jẹun, tó ń sùn, tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú. Bí àwọn ọmọ bá ń yin bángà lóṣù Kejìlá, tí ajá ki ìrù bọ itan lábẹ́ mọ́tò, ẹ má fà á jáde.

Bó bá ti gé ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo pupa tàbí ata sí i. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, ẹ̀pa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ bóró mọ́. Abẹ́rẹ́ tí a gbà ṣáájú ló ń gbani. Ajá náà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ "Ṣọ́ra fún ajá" sí géètì (mo mọ ilé kan tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀), ẹ bá wa ra ṣéènì tó gùn díẹ̀, kí ẹ sì gbé ajá jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkàwé láti Ṣúrùlérè, Èkó