Nìjẹ̀r Ní Omi, Òkun Ni Kò Bá Pààlà

Sí Olóòtú,

Nínú ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa ìṣòwò láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀r, akọ̀ròyìn yín pe Nìjẹ̀r ní "orílẹ̀-èdè tí kò lómi". Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí n'Íbàdàn, mo sì máa ń mú ìwé ìròyìn yín wọ kíláàsì nítorí pé Yorùbá tó já gaara ni ẹ fi ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí a ka ìròyìn náà, ọmọdébìnrin kan dìde lọ síbi àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lára ògiri, ó fi ìka tẹ Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r, ó tọ ìlà búlúù tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá títí ó fi dé Lọ́kọ́ja, ó wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Odò Ọya ò gba ọ̀dọ̀ wọn mọ́ ni?" Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ̀wé sí yín.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí akọ̀ròyìn yín ń túmọ̀ kò fara sin: landlocked ni. Ilẹ̀ ni ìdajì rẹ̀, ìdajì kejì jẹ mọ́ títì, bí a ti í ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ lè rò pé ibi tí omi kò sí rárá ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n òkun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bá lọ. Òfin àgbáyé lórí òkun, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1982, sọ ọ́ láìfepo-boyọ̀ pé orílẹ̀-èdè tí kò ní etí òkun ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Málì ní Odò Ọya, Ùgáńdà ní adágún Victoria, Ethiopia sì ní adágún Tana, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka odò Náílì ti ń ṣàn jáde. Síbẹ̀, orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èdè tiwa kò yẹ kó ṣi èyí sọ. Òkun kì í ṣe ọ̀sà lọ́dọ̀ wa, ọ̀sà kì í ṣe odò, adágún sì yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló máa ń kọsẹ̀ níbi tí Yorùbá ti dúró ṣinṣin. Ó ń pe omi Caspian ní òkun, síbẹ̀ ó ń ka Kazakhstan, tó wà létí omi náà, mọ́ àwọn tí kò ní etí òkun, nítorí pé omi náà fúnra rẹ̀ kò ṣàn já sí òkun kankan. Ẹ mú Yorùbá kan dé ibẹ̀, kó rí i pé ilẹ̀ ló yí i ká yípo. Adágún ni yóò pè é.

Láyé àtijọ́, àwọn atukọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún èbúté tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán, tí ìjì àti ìgbì kò fi lè rí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ gbé ṣe. Ìyìn ni lẹ́nu wọn. Lẹ́nu oníròyìn òde òní, àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí mo bá ń ka ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí Málì tàbí Chad, ọ̀rọ̀ náà kì í jìnnà sí ọ̀rọ̀ òṣì, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n tó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Switzerland, tí òun náà kò bá òkun pààlà. Mi ò fara mọ́ ọn. Nígbà mìíràn, ọwọ́ ènìyàn ló fa ààlà ọ̀hún: etí òkun Ethiopia bá Eritrea lọ lọ́dún 1993, ti Bolivia sì bọ́ sọ́wọ́ Chile nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1879.

Ìnira tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òùngbẹ. Ìnira gbígba ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá ni. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Nìjẹ̀r ní oṣù keje ọdún 2023, tí ẹnu ibodè di títì, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó kó ẹrù láti Kútọnu tò sí Malanville, ìlú Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́nu ibodè, wọn kò lè rékọjá. Epo rọ̀bì Nìjẹ̀r pẹ̀lú, inú páìpù tó gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà ló ń gbà dé etí òkun Bẹ̀nẹ̀.

Mo mọ irú ìnira yìí lára ilẹ̀ tèmi. Nígbà tí a pín ilẹ̀ bàbá wa, ẹ̀yìn ni ìpín mi bọ́ sí. Ẹni tó ra iwájú mọ odi dí ọ̀nà tí a ń gbà, awọnlẹ̀ sì kọ landlocked sínú ìwé tó fún mi. Ìyá mi ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ilẹ̀ àti títì, mo ń lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì, àfi bí wọ́n ṣe dá mi dúró: "Ṣé pé ilẹ̀ ọ̀hún ò lójú ọ̀nà ni?" Òun náà ni. Ọdún méjì ni mo fi bẹ onílé iwájú kó tó ta ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún mi, tí ọmọlanke kò lè gbà, orí ni a sì fi ru gbogbo búlọ́ọ̀kù tí mo fi kọ́lé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ "tí kò lómi" mọ́, ẹ má sì kọ "tí ilẹ̀ tì mọ́", bí mo ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò, nítorí ìyẹn ń sọ ìlú odindi di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ kọ "Nìjẹ̀r, tí kò bá òkun pààlà". Mo ti fi gègé tún un ṣe báyìí lórí ẹ̀dà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì wa, àwọn ọmọ náà sì ń retí èyí tí ẹ̀yin fúnra yín máa tẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan, Ìbàdàn