Ìdí tí a kì í fi fi kún ìnípọn ṣẹrámíìkì: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó ẹ́ńjìnnì.

Iṣẹ́ wa ni fífọ́n ṣẹrámíìkì sára irin ẹ́ńjìnnì, kí ooru má bàa tètè kọjá. Ìbéèrè tó ń wọlé jù lọ ni: "Ṣé ẹ ò lè jẹ́ kí ṣẹrámíìkì náà nípọn sí i ni?" Ẹ̀rọ wa lè ṣe é, àmọ́ a kì í ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

Ohun funfun tí ẹ ń rí lókè irin yẹn, irú ṣẹrámíìkì kan tí wọ́n ń pè ní zirconia ni. Zirconia lásán ò ṣeé lò: tó bá gbóná kọjá nǹkan bíi 1,170 digíríì, tó wá ń tutù bọ̀, ara rẹ̀ á wú, á sì sán. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń po yttria, èròjà tí kì í jẹ́ kó wú bẹ́ẹ̀, mọ́ ọn, ìdá 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Àwọn onímọ̀ NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ní Cleveland, tí Stephan Stecura wà lára wọn, ló jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1976 wọ́n ti fi irú rẹ̀ dán abẹ tọ́báìnì J75, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú kan, wò. Títí dòní, òun náà ló wà lára abẹ tọ́báìnì ọkọ̀ òfurufú. Ohun tó dára lára zirconia ni pé kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá: alumíníọ̀mù písítìnì ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po tó ju ọgọ́rùn-ún lọ sí tirẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni pé irin àti ṣẹrámíìkì kì í wú bákan náà. Ẹ mú sitéńlẹ́ẹ̀sì 304 tó gùn ní mítà kan, kí ẹ fi 600 digíríì kún ooru rẹ̀: á gùn sí i ní nǹkan bíi 10.5 mm. Zirconia tó gùn bákan náà á gùn sí i ní nǹkan bíi 6.3 mm péré. Àwọn méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ra. Bí zirconia bá ṣe ń nípọn sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fi ń já ara rẹ̀ kúrò lára irin ń pọ̀ sí i, pàápàá létí àti níbi igun. Nítorí náà, a kì í jẹ́ kó kọjá 0.3 mm.

Láàárín irin àti zirconia, a máa ń kọ́kọ́ fọ́n nickel, chromium, alumíníọ̀mù àti yttrium tí wọ́n ti pò pọ̀, nǹkan bíi 0.1 mm. Ojú rẹ̀ rí ṣágiṣàgi kí zirconia lè rí nǹkan dì mú, ó sì ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, torí zirconia fúnra rẹ̀ kì í dá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn dúró. Ẹni tó bá ní kí a fo ìpele yìí kí owó lè dín kù ń fi owó tó kù ṣòfò.

Ìmúrasílẹ̀ ló ń gba àkókò wa jù. Irin tí wọ́n dà máa ń fa epo mu sínú ihò tíntìntín ara rẹ̀, epo bẹntiróòlù tí mẹkáníìkì fi nù ún ò sì lè dé ibẹ̀. A ó gbé e sínú ààrò ní 300 digíríì títí èéfín á fi dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà la ó fi alumina, èérún líle kan, fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ á fi rí eérú-eérú káàkiri, láìsí ibi tó ń dán. Látìgbà náà, ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ ò gbọ́dọ̀ kàn án, torí ọ̀rá ìka nìkan ti tó kí ibì kan má lẹ̀. Láàárín wákàtí méjì, ó gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ ìbọn plasma, ẹ̀rọ tó ń yọ́ èérún ṣẹrámíìkì tó sì ń fọ́n ọn. Lásìkò òjò, kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó dípẹtà. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń bá gbogbo iṣẹ́ lọ sábẹ́ ìbọn. Òun la ó gé láti fi wọn ìnípọn ohun tí a fọ́n. Ẹ lè béèrè fún un.

Bó bá wá bó, ẹ má sọ èyí tó já nù, ẹ yí i padà wò. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ní irin eérú-eérú, ìyẹn ìpele àárín tí a kọ́kọ́ fọ́n, tí abẹ́ rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì sì ṣófo, ìmúrasílẹ̀ ni ò dáa tó: ẹ gbé e wá, àwa la ó tún un ṣe. Tó bá funfun níwájú àti lẹ́yìn, òòlù ló bà á tàbí omi tútù ló bá a nígbà tó gbóná.

Ti písítìnì gba ìṣirò. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 100 mm, 0.3 mm lórí rẹ̀ á gba àyè tó tó 2.4 cc. Sìlíńdà lítà kan tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní 17 sí 1 á di 17.6 sí 1. Nítorí náà, ẹ gbé písítìnì wá kí wọ́n tó to ẹ́ńjìnnì pọ̀, ká lè kọ́kọ́ fá ìwọ̀n yẹn kúrò lórí rẹ̀.

A kì í gba mánífóòlù, ìyẹn páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, tó bá ti sán. Bí a bá bo ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á tutù, àmọ́ irin náà fúnra rẹ̀ á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibi tó sán á sì máa là sí i. A kì í sì í bo inú mánífóòlù tó wà ṣáájú tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí: ìbọn ò lè fọ́n ibi tí kò rí, èyí tó bá sì já níbẹ̀, inú abẹ tọ́bò ló ń lọ tààrà.

Ẹ má wẹ ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì gbóná, ẹ má sì jẹ́ kí wáyà wẹ́dà kan ibi tí a ti bò. Ẹ̀yin tó ń sun epo dúdú, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ṣáájú: fánádíọ̀mù, irú irin kan, tó bá wà nínú rẹ̀ máa ń fa yttria jáde kúrò nínú zirconia.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé irin bọ̀, ẹ kọ orúkọ ẹ́ńjìnnì, irú irin tó jẹ́ àti epo tó ń sun sára bébà kan, kí ẹ so ó mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn ún lọ́dà kó lè dùn-ún wò. Àwa náà la ó padà fá a.