Kí Ẹ Tó Pè É Ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun tí ẹ ń ránṣọ lágbègbè ọjà Àtàkúnmọ̀sà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó epo jẹnẹrétọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti ń gba ọmọọṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún, ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń rò: "Ọ̀lẹ ni wọ́n." Ọ̀lẹ wà, n kò jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọọṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́ orí ẹ̀rọ rẹ̀. Nọ́ńbà 11 ló yẹ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ṣífọ́ọ̀nù, 14 ló yẹ àǹkárá, 16 ló yẹ jíǹsì àti aṣọ òkè. Bí ẹ bá ní kó fi 16 rán ṣífọ́ọ̀nù, ihò á hàn lójú aṣọ, aṣọ á sì ṣùjọ. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kú, á máa fo ibi kan láìrán, ọmọ á tú u, á tún un rán, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lórí. Iṣẹ́ wákàtí méjì di ti odidi ọjọ́, ẹ sì ní ọwọ́ rẹ̀ ò yá! Téèpù tó ti gbó náà máa ń fà. Ẹ gbé e lé rúlà onírin lóṣooṣù. Bó bá ti yàtọ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

"Ṣáà rán an bíi ti ìjẹta" kì í ṣe àlàyé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: àyà, ìbàdí, gígùn apá, iye ínǹṣì tí ẹ fẹ́ kó fi sílẹ̀ létí aṣọ, ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Kó kà á fún yín kó tó gé aṣọ. Bó bá ṣì í, ẹ fọwọ́ kan ibi tó ti ṣì í gan-an, kì í ṣe lójú oníbàárà. Ọmọ tí wọ́n ń dójú tì ní gbangba, bí yóò ṣe máa fi àṣìṣe pamọ́ ló ń kọ́. Aṣọ tí ì bá ṣeé tún ṣe láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ á wá di ìjà lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la.

Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn baba wa, torí wọ́n á lóṣòó síwájú onígbèsè títí owó aṣọ àwìn á fi jáde. Ẹ má jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ lóṣòó tì yín kó tó gbowó oṣù. Ọjọ́ tí ẹ bá dá, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ọkàn ẹni tí kò mọ̀gbà tí owó máa wọlé kò lè wà lórí iṣẹ́.

Ìsinmi ńkọ́? Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lójúmọ́ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, àti odidi ọjọ́ kan nínú ọjọ́ 7. Mo mọ̀ pé Iléyá àti Kérésì ò mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n òwú dúdú lórí aṣọ dúdú, lábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú, láago méjì òru, òun gan-an lẹ ó tú láàárọ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù mẹ́ta tí kò sí àyípadà, ẹ pè é jókòó, ẹ ṣí ìwé yẹn, kí ẹ jọ ka iye aṣọ tí oníbàárà dá padà. Bó bá di pé ó máa lọ, ẹ san owó rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà.

Èmi ni,
Ìyá yín ní Iléṣà.